Ènì Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Bí a bá fẹ́ rán ọmọ níṣẹ́, a ó kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀, a ó sọ ohun tó máa ṣe àti iye tó máa mú wá, a ó wá ní kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń bá ẹ̀rọ tó ń wọn íńkì sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, tí gbogbo ilé ìtẹ̀wé àdúgbò ń tẹ pósítà ìbò.

Wáyà kan tí ẹnu rẹ̀ ní eyín mẹ́sàn-án ló so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Sírínjì mẹ́rin ló ní: ìkíní búlúù, ìkejì yẹ́lò, ìkẹta dúdú, ìkẹrin funfun. Bí mo bá tẹ 1D250, tí mo sì tẹ Ẹ́ńtà, sírínjì búlúù á tú àádọ́talénígba ìwọ̀n sínú ike. Bí mo bá gbàgbé Ẹ́ńtà, á kàn máa wò mí ni. Bí mo bá ṣi lẹ́tà tẹ̀, á fi àmì ìbéèrè dá mi lóhùn. Kì í bínú, kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀.

Bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ń fi ọ̀bẹ po íńkì fún wa kí ẹ̀rọ tó dé. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn ní Bàrígà, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń ra oògùn rẹ̀. Ọ̀gá wa sọ fún un níṣojú mi pé: “Bàbá, ẹ máa bójú tó ẹ̀rọ yìí, àyè yín ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan kún ohun tó bá pò. Ọjọ́ tí àwọ̀ bá yàtọ̀, ẹ máa lọ sinmi nílé nìyẹn.”

Oníbàárà kan wá gba àwọ̀ ewé fún pósítà olóṣèlú. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ pò ó. Bàbá fi díẹ̀ pa bébà, ó gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó pòṣé.

“Àwọ̀ yìí ò tíì gbó.”

“Bàbá, ẹ̀rọ òyìnbó lẹ ń bá jà yẹn o,” ni mo wí.

“Òyìnbó mọ ìwọ̀n, kò mọ ènì.” Ó ti orí ọ̀bẹ bọ dúdú, ó rò ó mọ́ ọn.

Mo rí i. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo tẹ̀ nìkan ni mo kọ sínú ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n sí. Inú oníbàárà dùn, ó gbé íńkì rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó padà wá gba sí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dúró tì wá. Mo ṣí ìwé, mo tẹ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ̀rọ kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Oníbàárà gbé àwọ̀ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà àtijọ́.

“Àǹtí, èyí kọ́. Èyí mọ́lẹ̀ jù.”

Ọ̀gá wo Bàbá. “Ṣé ẹ fi nǹkan sí i nígbà yẹn ni?”

“Mo fi ènì díẹ̀ sí i.”

“Díẹ̀ tó mélòó?”

“Kó ṣáà ti tó.”

“Bàbá, ẹ̀rọ ò mọ kó-ṣáà-ti-tó! Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ sọ!”

Mo tẹ dúdú ẹyọ kan. Bàbá gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi bébà kan imú rẹ̀ tán kó tó ríran. “Ó kù.” Mo tẹ òmíràn. “Ó kù díẹ̀.” Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹfà, àwọ̀ ewé ti di omi gọ́tà. Oníbàárà ká pósítà rẹ̀.

“Mò ń lọ sí àdúgbò Pedro. Wọ́n á bá mi pò ó níbẹ̀.”

Ọ̀gá yíjú sí mi. “Ìwọ, o rí i nígbà tó fi sí i?”

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mo rí i, ọ̀gá á bi mí ní ìdí tí n kò fi kọ ọ́.

“Mi ò rí i, sà.”

Bàbá wò mí, kò wò mí pẹ́. “Kò rí mi,” ni ó wí. “Ẹ̀yìn ló kọ sí mi.”

Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó kí gbogbo wa pé a kú iṣẹ́, ó sì lọ. Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ kú. Mo mọ ilé wọn. Bí mo bá fẹsẹ̀ rìn láti ṣọ́ọ̀bù, n kò ní pẹ́ débẹ̀. N kò lọ kí i.