Àwọn Ọmọ Jòjòló Tó Ti Hu Irùngbọ̀n

Ìbídùn Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, adúmáadán, ìyá Tọ́lá, ìyàwó Bàyọ̀ mẹkáníìkì. Èmi ni mo bí i. Wọ́n ní kí n má bínú, pé ẹni tó lọ ti lọ. Ẹni tí wọn ò bá fín níràn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí gbogbo Ìkọ̀tún ń pe àwọn ọmọ mi ní Ọmọ Jòjòló. Ọkọ mi, Bàbá Kúnlé, ló dá ẹgbẹ́ orin náà sílẹ̀. Télọ̀ ni, òun náà ló sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Kúnlé ń ta gìtá, Ṣẹ́gun ń lu ìlù, Ìbídùn tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ló ń kọrin, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ohùn ẹyẹ. Bàbá wọn rán ṣòkòtò péńpé pupa fún àwọn ọkùnrin, ó rán gáùn kúkúrú fún Ìbídùn, ó fi ríbọ́ọ̀nù di irun rẹ̀, ó sì fa ìbọ̀sẹ̀ funfun sí i lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Lásísì tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Ìyànà Ìpájà gbé wọn lọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ó sì fi àwòrán wọn sí ara páálí rẹ̀. Láti Ẹgbẹ́dá dé Ìgàǹdò, wọ́n ń pè wọ́n sí ìkómọ, wọ́n ń pè wọ́n sí ìkórè. Inú mi dùn. Ẹ̀yìn èrò ni mo máa ń dúró sí, kí n lè gbọ́ ẹni tó máa béèrè pé ta ni ìyá wọn, kí n wá dáhùn jẹ́jẹ́ pé èmi ni, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í jẹ́ ọmọdé títí. Kúnlé hu irùngbọ̀n, bàbá rẹ̀ ní kó máa fá a láàárọ̀ lálẹ́. Ohùn Ṣẹ́gun di ti ọkùnrin, bàbá wọn ní kó máa lu ìlù kó pa ẹnu mọ́. Ti Ìbídùn ló burú jù. Nígbà tí ọmú rẹ̀ yọ, bàbá rẹ̀ gé àjákù aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n máa fi di àyà rẹ̀ pa kó tó wọ gáùn. N ò ṣe é. Ọmọ ń di í fúnra rẹ̀, torí ó bẹ̀rù bàbá rẹ̀, ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà náà, ó ti nípọn bí oyin ìsàlẹ̀ ìgò, ṣùgbọ́n ilé ìdáná nìkan la ti ń gbọ́ ọ. Níwájú èrò, ńṣe ló máa ń fún ọ̀fun pọ̀ kó lè ké bí ọmọ kékeré. Orógbó tó jẹ nítorí ọ̀fun yẹn kún apẹ̀rẹ̀.

“Bàbá Kúnlé,” mo ní, “ọmọ yìí ti pé ọdún méjìlélógún. Ẹ jẹ́ kó ró ìró bí ẹgbẹ́ ẹ̀.”

“Ìyá Kúnlé, o ò mọ òwò. Torí ọmọdé ni wọ́n ṣe ń pè wá. Àgbà ti pọ̀ jù nígboro.”

“Òwò lẹ̀ ń wí. Ọmọ lèmi ń wí.”

Ó tẹ máṣíìnì rẹ̀ lọ.

Bàyọ̀ wá láti Dòpẹ̀mú láti tún jẹnẹrétọ̀ wa ṣe. Ibi tó ti ń tú ẹ̀rọ ló ti gbọ́ ohùn láti ilé ìdáná. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló ń kọrin un? Àbí Ìbídùn inú rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn ní ẹ̀gbọ́n ni?” Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, Bàyọ̀ ní àwọn ẹbí òun fẹ́ wá mọ̀ wá. Ọkọ mi gbà. Ẹnu yà mí pé ó gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, mo tẹ́ aṣọ òfì tèmi sórí bẹ́ẹ̀dì de Ìbídùn. Mo wà nídìí ìkòkò nígbà tí mo gbọ́ gìtá ní pálọ̀. Bàbá wọn ti ní àwọn àna kò gbọdọ̀ lọ láìgbọ́ Ọmọ Jòjòló. Mo sáré wọlé. Kúnlé tó ti bí ọmọ méjì dúró nínú ṣòkòtò péńpé, orúnkún rẹ̀ yọ síta bí orí akèrègbè. Ṣẹ́gun ò gbójú sókè. Ọmọ mi sì ń bẹ láàárín wọn nínú gáùn àti ríbọ́ọ̀nù, ó ń ké tín-ín-rín lójú ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ.

Ìyá Rísì, ẹ̀gbọ́n bàbá Bàyọ̀, wo gbogbo wa yíká. “Bàyọ̀, èyí lo ní ká wá wò? Ẹ̀yin ará ibí, ẹ mú àbúrò yìí wọlé, kẹ́ ẹ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fún wa jàre.” Àwọn tó bá a wá bú sẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi rò pé wọ́n ń yin òun ni. “Ẹ ṣé o,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ó ti dàgbà.”

Ìbídùn dá orin dúró. Ó tú ohun tó fi di àyà láti abẹ́ gáùn, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún orin kan náà bẹ̀rẹ̀ ní ohùn ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ fa wáyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn yọ. Ohùn náà ò nílò wáyà. Ìyá Rísì dìde, ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó ró o mọ́ ọmọ mi nídìí. “Ìyàwó wa rèé,” ó ní. “Ta ló gbé e pamọ́?”

“Ẹni tó bá fi ohùn yẹn kọrin,” ọkọ mi ní, “kì í ṣe ọmọ mi.”

Ìbídùn kúnlẹ̀ fún un. Bàbá rẹ̀ ò wò ó. Ó kúnlẹ̀ fún mi, mo gbàdúrà fún un, èmi nìkan. Ó bá wọn lọ. Kí ọdún tó yí po, Ọmọ Jòjòló ti túká, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó wo àgbàlagbà nínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé.

Ẹ̀gán ni òun àti Bàyọ̀ kọ́lé sí nígbà tó yá. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ohùn rẹ̀ sì ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Ọdọọdún ló ń wá kí bàbá rẹ̀. Ọdọọdún ni bàbá náà ń wọ yàrá, tó ń ti ilẹ̀kùn. Ìbídùn á kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, á kí i tán, á dìde. Ó ti di ìyá ìyàwó, ó ṣì ń kí ilẹ̀kùn.

Àìsàn kíndìnrín ló pa á. Nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ rẹ̀ fún wa, ọkọ mi bú sẹ́kún, ó ní ọmọ tí òun fẹ́ràn jù ló lọ. Àwọn tó wá kí wa ń bá a sunkún, wọ́n ń pè é ní bàbá rere. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. N ò lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin Ìbídùn ní Ẹ̀gán, láàárọ̀. Òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwa méjèèjì wà ní Ìkọ̀tún, òun ní pálọ̀, èmi ní ẹ̀yìnkùlé.