Òwú Tí Mo Fi Wọn Yólà dé Ṣókótó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣógúnlé, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Èkó, bàálù kì í yà wá lẹ́nu. Bí ọ̀kan bá ń balẹ̀ lọ, páànù ilé wa á gbọ̀n, a ó dákẹ́ díẹ̀, a ó sì máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ. Ohun tó ń dùn wá ni pé bàbá wa, tó ń tún iná ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí ṣe, kò sí nítòsí. Yólà lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé e lọ. Ọdún Iléyá sí ọdún Iléyá la fi ń rí i.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà rẹ̀ dé. Kò gùn: "Wọ́n ní kí n máa lọ sí Ṣókótó. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni n óò wọ bàálù. Ẹ má gbàgbé o."

Màmá wa, aránṣọ, kò mọ̀wé. Ó yíjú sí mi: "Ìwọ tí o ń gba ipò kìíní níléèwé, ṣé yóò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá?"

Mo gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ mi jáde, mo já òwú funfun lára ẹ̀rọ rẹ̀, mo sì nà án láti Yólà dé Ṣókótó. Mo ṣírò máìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Bíi wákàtí kan àbọ̀ ni, Màámi. Àríwá lọ́hùn-ún ni wọn yóò gbà. Kò kan Èkó rárá."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín: "Páílọ́ọ̀tì! Ṣé òwú ni bàálù ń tẹ̀ lé ni?" Màmá ní kó fi mí sílẹ̀, pé èmi tí mo kàwé ni mo mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, èmi sì lọ síléèwé.

Nígbà tí bàbá wa wálé ọdún, kò tíì bọ́ bàtà tó fi béèrè pé, "Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

Kò sí bàálù tó ń ti Yólà lọ tààrà sí Ṣókótó nígbà náà. Èkó ni wọ́n ń já sí, kí èèyàn tó wọ òmíràn. Ó ti rò pé ará Ṣógúnlé kò nílò àlàyé ìyẹn. Wákàtí mẹ́ta ló fi jókòó ní pápákọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀. Wọn ò sọ àkókò tí bàálù máa gbéra fún un, kò sì lè kúrò níbẹ̀. Ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Mo ra bisikíìtì fún ọmọbìnrin yìí," ó ní. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fún nígbà tí mo dé Ṣókótó."

Màmá ò wojú mi. Ó ní, "Lẹ́tà yín ò tètè dé ni." Irọ́ tó pa nítorí mi nìyẹn, kò sì mẹ́nu bà á mọ́ títí tó fi kú. Bàbá náà ti lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù lẹ ń tẹ̀, ẹ ò wọn òwú kankan. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Kánádà, ní àríwá níbi tí yìnyín wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ wọ bàálù láti ìlú kékeré kan lọ sí òmíràn. Ó pè mí: "Màámi, wákàtí méjì péré ni. Fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀."

Mo bi í pé, "Ibo lo máa ti sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Bàálù kan ń kọjá lókè orùlé, mo dúró kó lọ tán. Ká ní ọ̀dọ̀ wa lọmọ mi ń gbà kọjá ni, ǹ bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ láti àárọ̀.