Mo Lọ sí Ẹ̀fọ̀n Lọ Dá Àǹtí Mi Dúró

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn mi ní Adó, tí mo wọ ọkọ̀ Ẹ̀fọ̀n. Àǹtí mi, Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló fà á. Ó pè mí pé ṣíkìnpọ́ọ̀sì mú òun díẹ̀, àmọ́ ó ti ń gbẹ, òun ń bọ̀ ní Sátidé wá wẹ ọmọ. Bùkọ́lá, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé ní Adó, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ta ni í wẹ ọmọ tuntun nílẹ̀ wa bí kò ṣe ìyá ìyá rẹ̀? Àǹtí ti di ẹrù.

Ọkàn mi ò balẹ̀, nítorí a ti jọ ṣe ṣíkìnpọ́ọ̀sì ní kékeré. Orí ẹní kan náà ni màmá wa tẹ́ wa sí, tó ń fi àdí pa wá lára. Tó bá ti jáde, a ó máa bá ara wa họ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti ṣe é kì í sábà tún un ṣe. Mo sì ti gbọ́ lórí rédíò nípa émpọ́ọ̀sì, àrùn ara sísú mìíràn tó jọ ọ́.

A kọjá Ìyìn àti Ìgèdè. Ní Arámọkọ, ọ̀nà ti bàjẹ́. Mo ní kí awakọ̀ rọra.

“Ìyá, ihò ló ń wa ọkọ̀ yìí, èmi kàn jókòó tì í ni.”

Lẹ́yìn Erìó, òkè bẹ̀rẹ̀, òtútù sì dé. Mo rántí òórùn kòkó tí wọ́n máa ń sá sójú títì, àárò bàbá àti màmá wa sì sọ mí gan-an.

Bí mo ṣe dé Ẹ̀fọ̀n, Àǹtí jáde wá, ó fẹ́ dì mọ́ mi. Mo fà sẹ́yìn.

“Fúnkẹ́, o ò ní wọ ulé ni?”

“Ẹ na ọwọ́ yín ná, Àǹtí.”

Eéwo kéékèèké wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú, gbogbo wọn rí bákan náà, wọ́n jọ ń gbẹ. Tiwa ìgbà yẹn, bí èyí ṣe ń gbẹ ni òmíràn ń sú, kò sì dé àtẹ́lẹwọ́ wa. Ó ní ibà àti ẹ̀fọ́rí ló kọ́kọ́ dé, kí kókó tó wú lábẹ́ àgbọ̀n òun. Ó ti bá ìyá kan tó ṣàìsàn nínú ìjọ wọn fọ aṣọ.

“Ó lè jẹ́ émpọ́ọ̀sì. Ẹ ò lè wẹ ọmọ.”

“Ọmọ Bùkọ́lá? Èmi tí mo wẹ gbogbo ọmọ ulé yìí, títí kan tìrẹ?”

“Tó bá ran ọmọ ọwọ́, ó lè pa á.”

Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún. N kò lè fọwọ́ kàn án. Ó dùn mí wọra.

Mo pe ilé ìwòsàn, wọ́n sì rán ọkọ̀ wá gbé e. Nọ́ọ̀sì fi òwú nu ojú eéwo náà fún àyẹ̀wò, ó ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ títí gbogbo èépá yóò fi já tí awọ tuntun yóò hù. Ó ní èmi tí n ò fara kan ohunkóhun lè lọ. Nígbà tí èsì jáde lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, émpọ́ọ̀sì ni lóòótọ́.

Mo padà dé Adó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo lọ yẹn. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé èèyàn lè fẹ́ràn ẹni kó sì takété sí i. Nílé Bùkọ́lá, èmi tí n ò wẹ ọmọ rí gbé fóònù sórí àpótí, Àǹtí ń darí mi láti Ẹ̀fọ̀n: “Ti orí rẹ̀ lẹ́yìn. Na apá rẹ̀.” Ọmọ figbe ta.

“Àǹtí, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?”

“Mo wà. Má tíì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ díẹ̀ sí i.”