Ọjọ́ tí Díákónì Wá Ra Ìbọn Afẹ́fẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Baba wa, tí ó jẹ́ kí ojú mi méjèèjì ṣì wà ní ipò wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ta ìbọn afẹ́fẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún ní ọjà Nkololoun, tí oríṣiríṣi ènìyàn ń dán ìbọn wò lójú rẹ̀, ojú ló yẹ kó kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Mo tún dúpẹ́ fún etí mi, fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àti fún àwọn olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ àti kíkà nínú ìlú tí Faransé gba gbogbo ẹnu.

Àlàáfíà ni orúkọ mi. Ìlú Douala níbí ni wọ́n bí mi sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo rò pé mo rí. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, tí gbogbo wa ń pè ní Patron, wo ìwé tí mo kọ, ó ní ọwọ́ mi dára, kí n wá máa kọ orúkọ àwọn tó bá ra ọjà. Kò sọ irú ọjà tó jẹ́. Mo débẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá ìwọ̀ ẹja, àwọ̀n, pàkúté eku, àti ìbọn mẹ́rìnlá tí wọ́n tò sára ògiri bí ẹgbẹ́ akọrin.

Ìyá mi gbọ́, ó káwọ́ lérí. "Àlàáfíà ni mo sọ ẹ́ lórúkọ, ìbọn lo wá ń tà?"

Ìbọn afẹ́fẹ́ kì í ṣe ìbọn ogun, kò sì sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yìn ín yóò ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, sípíríǹgì inú rẹ̀ yóò sún jọ. Yóò fi ọta kan, tí kò tóbi ju hóró ìbẹ́pẹ lọ, sí i, yóò dá ọ̀pá náà padà. Bó bá fa irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, sípíríǹgì yóò na, afẹ́fẹ́ yóò sì ti ọta jáde. Síbẹ̀ ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ iye rẹ̀ fún ẹni tí kò bá mú ìwé àṣẹ wá.

Patron fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí a ṣe ń yan ìbọn fún ènìyàn. Kí n má wo ẹwà igi rẹ̀. Kí n fi ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá oníbàárà; bí ìka rẹ̀ bá débi irin tó ń fà láìnọ̀gà, ó bá a mu nìyẹn. Kó ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Bó bá ti ń mí hẹlẹ ní ìgbà kẹta, kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó yin ọta márùn-ún sí páálí tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, níwájú àpò iyanrìn. Bí ìdérí ìgò kan bá bo ihò márààrún, kó lọ sanwó. (Ìdérí ìgò kí ni? Ẹ má bi mí, ọmọ ìjọ ni mí.) Ó wá ní òfin kan ga ju gbogbo ìyókù lọ: ojú ẹni tó ń tajà kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ìka oníbàárà.

Ìbọn kan wà lára ògiri náà tí a ń pè ní Général, ìyẹn ọ̀gágun. Igi rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó wúwo bí ọmọ odó. Gbogbo ènìyàn ló ń yìn ín, kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́ ẹ. Ó ti lo ọdún mẹ́ta lára ògiri, gbígbọn eruku rẹ̀ sì ti sú Patron.

Ní oṣù kẹrin tí mo débẹ̀, Patron pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Alafia, lónìí ni Général ń jáde. Bí kò bá jáde, ìwọ lo máa jáde."

Mo mọ̀ pé kò ṣeré. Ó ti lé ẹni tó ṣáájú mi nítorí pé ó jókòó sórí àga rẹ̀. Owó iṣẹ́ yẹn sì ni àbúrò mi fi ń lọ sílé ìwé.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé lọ́jọ́ náà ni Bàbá Díákónì Ọláníyì, àgbà ìjọ wa, òun àti ìyàwó rẹ̀. Láti Makepe ni wọ́n ti wọ taksí wá, ìwé àṣẹ sì wà lọ́wọ́ Bàbá nínú ọ̀rá.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ káàbọ̀, Màmá."

"Ọmọ mi, àwòdì ni. Ó ti gbé òròmọdìyẹ mi mọ́kànlá! Ó mọ aago tá a fi ń lọ sí ìpàdé àdúrà."

"Méjìlá ni," ni Màmá wí. "Ó gbé ọ̀kan níbi tí Bàbá yín ti ń bá a wí lọ́wọ́."

Bàbá wo ògiri láti òpin kan dé òpin kejì, ó dúró níwájú Général. "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni ìbọn."

Patron rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀. Mo fi Faransé sọ fún Bàbá pé ohun èlò tó lágbára ni, kí Patron lè gbọ́. Mo wá tẹrí ba bí ẹni tó ń nu ìbọn, mo fi Yorùbá sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí. Sípíríǹgì rẹ̀ le jù. Á já yín léjìká."

Ẹ̀rù ni ó ń bà mí, ṣùgbọ́n èjìká yẹn ló ń gbé àwo ọrẹ nínú ìjọ wa.

Mo ti gbàgbé Màmá. Ọjà Marché Dakar ni Màmá ti ń ta aṣọ láti ìgbà èwe rẹ̀, Faransé rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ. Ó yí sí Patron, ó fi Faransé bi í pé, "Ah bon? Patron, ṣé lóòótọ́ ni ìbọn yìí ń já èèyàn léjìká?"

Patron wò mí. Mo wo òrùlé.

Inú bí Bàbá. "Èjìká ta ni? Àlàáfíà, ṣé mo ti darúgbó lójú ẹ ni? Gbé e wá!"

A jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Bàbá gbá Général mú, ó ṣẹ́ ẹ, kò ṣẹ́. Ó fi orúnkún tì í. Màmá di ìbàdí rẹ̀ mú. Níkẹyìn Patron fúnra rẹ̀ dìde wá bá wọn fà á, ìbọn náà sì ké kà! Mo fi ọta sí i, mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà," ni Bàbá wí.

Bàbá kì í bẹ àgbọn kí ó má kọ́kọ́ gbàdúrà, ìjọ wa sì mọ̀ ọ́n. Bó bá ti sọ gbólóhùn yẹn, ojú wa máa ń pa ara rẹ̀ dé ni. Patron béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Àdúrà ni, Patron," ni Màmá dá a lóhùn. "Fìlà." Patron ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, ó padà wá dúró lẹ́yìn wa. Ó yẹ kí n gba ìbọn náà lọ́wọ́ Bàbá. Mo pa ojú mi dé.

Àdúrà náà bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé, ó gba orí ìkún omi kọjá, ó dé orí àwòdì. Bàbá wá ní, "Olúwa, dáàbò bo ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yìí. Bo ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀. Ní orúkọ Jésù!"

"Àmín!" ni a ké, ti Màmá ló sì ròkè jù. Ìka Bàbá náà ṣe àmín. Pàó!

Nígbà tí mo lajú, kò sí ohunkóhun lára páálí. Àkẹtẹ̀ Patron ló ń mì lórí ìṣó.

Patron mú un, ó ki ìka bọ inú ihò náà, ó dé e sórí, ó wá fi ọwọ́ wá ibi tí ihò wà. Àárín iwájú orí gan-an ni. Ó bi mí pé, "Alafia, kí ni bàbá yìí sọ nínú àdúrà?"

"Ó ní kí Ọlọ́run bo ohun gbogbo tó wà lórí yín, Patron."

"Fìlà mi ńkọ́?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Ẹ ti ṣí i kúrò lórí kí àdúrà tó débẹ̀."

Patron wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, tó fi jókòó sórí àpò iyanrìn. Bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà mìíràn láti tọrọ ìdáríjì. Patron fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́kọ́ gbé ìbọn sílẹ̀.

Ìbọn tó kéré jù lára ògiri ni mo wá gbé fún Bàbá. Ó bá ìgúnpá rẹ̀ mu. Ó ṣẹ́ ẹ nígbà mẹ́wàá, kò mí hẹlẹ. Nínú ọta márùn-ún, mẹ́ta wọ abẹ́ ìdérí ìgò.

"Ẹ gbé e wá," ni Màmá wí. Márààrún tirẹ̀ wọlé. Orúkọ Bàbá ni mo kọ sínú ìwé, nítorí òun ló gba àṣẹ, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí ìrìn Màmá nígbà tí wọ́n ń jáde, àwòdì ni mo káàánú.

Patron gbé Général padà sára ògiri, ó sì pè mí. Mo ti mú báàgì mi lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ ohun tí ìyá yẹn sọ. O ní kí wọ́n má rà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Patron."

"Láti òní lọ, ohun tó o bá fẹ́ fi Yorùbá sọ fún wọn, kọ́kọ́ fi Faransé sọ ọ́ fún mi. Èmi náà fẹ́ mọ ìbọn tí kò dára." Ó yọ ìka kúrò nínú ihò fìlà. "Gbé báàgì yẹn kalẹ̀."

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kò fún mi ní aago bí wọ́n ti ń ṣe. Àkẹtẹ̀ náà ló fún mi, ó sì wà lára ògiri pálọ̀ mi títí dòní. Àwọn méjì tó gba ipò mi wá wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà dáadáa, kí ìbọn wà lórí tábìlì láìsí ọta nínú rẹ̀, kí ẹnì kan sì lajú sílẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nínú ìjọ pé kí a máa ṣọ́nà, kí a sì máa gbàdúrà. Mo ti wá mọ ìdí tí ṣíṣọ́nà fi ṣíwájú.

Ìwọ tí o ka ìtàn yìí dópin, kí Olúwa bo orí rẹ, kó bo ohun tí o dé sórí, kó sì bo èyí tí o bá ṣí fi kọ́ sára ìṣó pẹ̀lú. Àmín.