Ọṣẹ Tí Ọwọ́ Ti Jẹ Igun Rẹ̀

Òórùn àdí gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ padà sí imú mi bí mo bá rántí ìgbà tí mo wà ní Mushin. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà wà, lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń se àdí pọ̀ mọ́ omi kọ́sítíìkì, omi líle tó lè bó awọ ọwọ́ ènìyàn bí ẹni bó ẹ̀pà. Bí ó bá ki tán, wọn a dà á sínú àpótí pákó. Bí ó bá dì, wọn a fi wáyà gé e, wọn a lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára, wọn a sì tò ó sínú páálí.

Àsìkò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àsìkò Sáàpù ni. Náírà ti di yẹpẹrẹ, ọṣẹ òyìnbó ti wọ́n kọjá agbára mẹ̀kúnnù, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ kò sì yé dọ̀tí. Ẹni tó bá mọ ọṣẹ í se nígbà náà, Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alàájì, wà lára wọn. Ọkùnrin tí kì í pa ìrun Àsùbáà jẹ ni. Òun ló sanwó fún mi nílé-ẹ̀kọ́ girama àwọn Mùsùlùmí tí mo lọ. Kí Ọlọ́run fi àlùjánńà kẹ́ ẹ. Nígbà tí mo jáde ìwé tí n kò ríṣẹ́, ìyá mi fà mí láti Ìsẹ́yìn wá bí ẹni fa àgbò Iléyá. Ó kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi fi ọmọ yìí síbì kan.” Ibì kan náà ni Alàájì sì fi mí sí.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Ọkùnrin tó ń gé ọṣẹ yóò gé e tán. Ọmọ àbúrò Alàájì kan yóò kó o kúrò lórí tábìlì sínú tíréè. Obìnrin kan tó bá Alàájì tan láti ilé ìyá rẹ̀ yóò fi àkísà nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Alákìísà là ń pè é, òun náà sì ń dáhùn. Bàbá arúgbó kan, àna Alàájì, yóò kà wọ́n kí olè má baà jà. Ẹlòmíràn yóò wá gbé tíréè náà la àgbàlá kọjá wá bá mi. Èmi ni Ọ̀gá Àyẹ̀wò. Mo ní tábìlì, mo ní àga, mo sì ní táì kan ṣoṣo tí mo ń so láràárọ̀. Màá mú ọṣẹ kan, màá yí i síwájú, màá yí i sẹ́yìn, màá gbé e sókè bí ẹni ń wá oṣù Rámádánì lójú ọ̀run, màá sì mi orí. N kò rántí ọ̀kan tí mo kọ̀ rí. Ẹ̀yìn èyí ni wọn yóò tó gbé e lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ òǹtẹ̀ wà.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí nígbà tí Alàájì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹbí kan bá ti ìlú dé ni yóò wo ọ̀nà tí ọṣẹ ń gbà, tí yóò wá àyè tí ọwọ́ kan tún lè wọ̀. Ó kà á sí sàráà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, yóò ní, “Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.” Ta ni yóò bá òwe jà?

Bí oṣù bá parí, mo máa ń fi ọṣẹ rán awakọ̀ kan sí ìyá mi, màá ní kó sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì. Ọ́fíìsì! Igun kan lábẹ́ páànù ni, tí adìyẹ ń gba abẹ́ àga mi kọjá.

Ibi tí ojú ti kọ́kọ́ tì mí, ọjà kan ní Oto ni. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọṣẹ wa tó sì ń pín in fún àwọn alátẹ. Bí ó bá kọ̀ wá, ilé iṣẹ́ ti kú nìyẹn, gbogbo wa tó ń jẹun níbẹ̀ yóò sì tú ká. Alàájì ní kí n bá wọn gbé ọjà lọ. Mo so táì mi. Ìyá náà ṣí páálí kan, ó mú ọṣẹ wa dání lọ́wọ́ kan, ó mú ti ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ dání lọ́wọ́ kejì.

“Ọ́físà,” ni ó pè mí nítorí táì, “wá bá mi wo nǹkan. Èyí nígun, àbí kò nígun? Tiyín rèé, ó rí roboto bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́kọ́ fi wẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá?”

Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì dá a lóhùn pé, “Ọ́físà ni o jàre. Ẹ ò rí bí ara ẹ̀ ṣe ń dán?”

Ẹ̀rín bú sọ́jà. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò bá wọn rín in. Ó ní, “Sọ fún Alàájì pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ tí èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn Iléyá bá tún rí báyìí, Ìsọlọ̀ ni màá ti máa rajà.”

Alàájì kò lè jẹun nígbà tí mo jíṣẹ́ náà. Ọkùnrin kan wà tó máa ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa, tó jẹ́ olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yaba. Alàájì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wo ẹ̀rọ òǹtẹ̀, nítorí gbogbo wa ti fẹnu kò pé ẹ̀rọ ló ń ba ọṣẹ jẹ́. Ẹ̀rọ kì í kúkú jiyàn.

Tíṣà náà kò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Ó mú ọṣẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó gbé e sórí àpótí kan, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní kí èkejì rẹ̀ máa lọ bí ó ṣe máa ń lọ, òun náà sì ń tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀-lẹ́sẹ̀ bí ẹni tẹ̀lé òkú lọ sí itẹ́. Ní ọ̀dọ̀ olúkúlùkù ó dúró, ó kí i, ó bi í ní ìbéèrè.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Kí lẹ̀yin ń ṣe sí i?”

“Mo ń nù ún ni.”

“Kí ló wà lára ẹ̀?”

“Ìka ẹni tó kó o wá ni.”

Ó kọjá sọ́dọ̀ bàbá arúgbó. Bàbá ní òun ń kà á ni. Tíṣà bi í bóyá wọ́n ti jí i rí. Bàbá ní, “Wọn ò jí i rí! Ṣé ìwọ náà rí i pé kíkà mi ń ṣiṣẹ́?”

Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo dìde, mo tún táì mi ṣe. “Àyẹ̀wò ni mo ń ṣe, sà.”

“Kí lẹ ń wò?”

“Mo ń wò ó bóyá ó dára.”

“Tí kò bá dára ńkọ́?”

Mo tún mú ọṣẹ náà, mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, ẹnìkan kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà kò sì bi ara mi.

Ó gbé ọṣẹ méjèèjì síwájú Alàájì. Èyí tó fi sórí àpótí nígun. Èyí tó ti ọwọ́ wa kọjá ti di roboto, àpá ìka sì wà lára rẹ̀. Ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé kì í tíì le dáadáa. Gbogbo ọwọ́ tó bá kàn án ló ń bù díẹ̀ jẹ níbẹ̀.

“Ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan, Alàájì,” ni Tíṣà wí. “Ọwọ́ ló jẹ ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ òǹtẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń gé e, kí ó ti ibẹ̀ wọ páálí.”

“Ẹbí mi lọwọ́ wọ̀nyẹn, Tíṣà. Sàráà ni.”

“Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí wọn ò rà, kí la máa fi ṣe sàráà nínú ẹ̀?”

Alàájì tó lè kojú ọlọ́pàá láìgbọ̀n, kò lè wo ojú ẹbí rẹ̀ kó ní iṣẹ́ wọn ti tán. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀. “Ìwọ lo kàwé. Bá mi sọ ọ́ fún wọn, kó o fọgbọ́n sọ ọ́.” Ọlọ́run ló mọ̀ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo rò pé ó ti sọ mí di igbákejì rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àílà, nígbà tí gbogbo wọn ṣì jókòó lórí ẹní, mo dìde, mo wúkọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣe wáàsí Jímọ̀. Mo sọ̀rọ̀ ìlọsíwájú, mo sọ̀rọ̀ ìdíje, mo ní ọwọ́ ti pọ̀ jù lára ọṣẹ, kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fara dà á, Alàájì kò ní gbàgbé wọn.

Àǹtí Alákìísà ká àkísà rẹ̀ sórí itan. Ó ní, “Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Ó dáa, Ọ̀gá Àyẹ̀wò. Èmi ń nù ún, wọ́n ní kí n má nù ún mọ́. Bàbá ń kà á, wọ́n ní kí wọ́n má kà á mọ́. Ìwọ ńkọ́? Kí niṣẹ́ tìẹ?”

Mo wo Alàájì. Alàájì ń wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé mo wà lára àwọn tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Bàbá arúgbó pàtẹ́wọ́. “Ẹ wá wo ẹni tó ń wàásù níbi òkú ara ẹ̀!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn mìíràn, àwọn tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Etí mi gbóná bí ìgbà tí iná bá ràn mọ́ ọn. N kò lè padà sí Ìsẹ́yìn, nítorí ìyá mi ti fi ọ́fíìsì mi yangàn káàkiri àdúgbò. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kò sí nítòsí. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wá ọwọ́ nínú ilé iṣẹ́ tó kún fún ọwọ́ yẹn, ìdí ìkòkò tí wọ́n ti ń se ọṣẹ ni. Ibi tí iná wà, kò sí ẹbí kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n háyà ló ń dá ro ọṣẹ, bí apá bá sì ro ó, gbogbo wa yóò káwọ́ lẹ́rán dè é. Mo tú táì mi, mo lọ bá Alàájì pé kó jẹ́ kí n lọ síbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá ẹ ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.”

Wọ́n gbé ẹ̀rọ òǹtẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn. Àǹtí Alákìísà gbé ọṣẹ sórí, ó ń kiri láti ojúlé dé ojúlé ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó sì tà á débi pé a kò lè se é tó. Bí ó bá dé lọ́sàn-án, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, yóò ní, “Ọ̀gá Àyẹ̀wò, iná ń kú o!” Bàbá arúgbó nìkan ni Alàájì kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó máa ka páálí lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn Iléyá, ìyá Oto ṣí páálí, kò yìn wá, kò bú wa. Ó kàn fi àtàǹpàkò tọ́ igun ọṣẹ wò, ó sì ní kí wọ́n já ẹrù sílẹ̀.

Mo ṣì ń fi ọṣẹ ránṣẹ́ sílé. Awakọ̀ ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Lọ́jọ́ kan, lásìkò iṣu tuntun, ìyá mi kàn dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó ru iṣu wá láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ń ro ọṣẹ, n kò wọ ẹ̀wù, èédú ti kùn mí lára, mo sì fi aṣọ di imú àti ẹnu nítorí òórùn kọ́sítíìkì. Ọ̀dọ̀ mi gan-an ló kọ́kọ́ yà sí.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lọ́fíìsì ọmọ mi wà? Ọ̀gá ni níbí, ó máa ń so táì.”

N kò lè dáhùn, nítorí ohùn mi ì bá tú mi fó. Mo na ọwọ́ sí ibi tí àga mi àtijọ́ wà lábẹ́ páànù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ jókòó lórí rẹ̀, ó gbé iṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Mo ń ro ọṣẹ, ìyá mi sì jókòó lórí àga mi, ó ń retí mi.

Àǹtí Alákìísà ló dé bá wa bẹ́ẹ̀. Ó wo ìyá mi, ó wò mí. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó sọ igbá ọṣẹ kalẹ̀, ó ní, “Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ẹni tó júwe ọ̀nà fún yín yẹn, ẹ padà lọ bá a, ẹ ní kó ṣí imú.”

Mo ṣí i, ìyá mi rí ojú mi. Mo ń retí ẹkún. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ọṣẹ tí a ti gé, ó fi ìka tọ́ ọ yíká.

“Ìwọ lo se èyí?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ó mà nígun o.” Ó yí i lọ́wọ́. “Àwọn tó o kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́, mo rò pé àlòkù ni. Mo ní ọmọ mi á ti fi wẹ̀ díẹ̀, á wá fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń dúpẹ́ náà ni, pé o ò lò ó tán.”

Gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, títí kan Alàájì. Èmi nìkan ni n kò lè rín in.

Ìyá mi ti di olóògbé báyìí, Alàájì náà ti lọ. Ilé ìtajà fóònù ló wà níbi tí ìkòkò wa wà. Ìdí ìkòkò yẹn ni Ọlọ́run ti fún mi ní iṣẹ́ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ọpẹ́ sì ni fún Un. Ìbéèrè Àǹtí kò dùn mí mọ́. Ẹ̀rín àwọn obìnrin Oto náà ti di ohun tí mo fi ń pa ọmọ-ọmọ mi lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ra ọṣẹ tuntun, kí n tó fi omi kàn án, mo máa ń fi àtàǹpàkò tọ́ igun rẹ̀ wò. Àwọn ará ilé rò pé mo ń wò ó bóyá ó dára ni. Ọwọ́ yẹn ni mo ń wò, ọwọ́ tí mo nà sí àga òfìfo, tí ìyá mi sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.