Màmá Japan àti Ẹ̀fọ́ Tẹ̀tẹ̀ Wa

Snow ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán nígbà tí màmá mi dé láti Ìbàdàn wá bá mi tọ́jú ọmọ tuntun ní New Brighton, lókè òkun níbí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọn ò ṣe iṣẹ́ oko rí, àmọ́ wọn ò lè jókòó lásán. Wọ́n ní kí n ra irúgbìn tẹ̀tẹ̀ wá, wọ́n sì dà á sí backyard bí ẹni ń da gààrí sómi.

Ìyá àgbàlagbà kan àti ọmọ wọn ọkùnrin ló ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Màmá Japan là ń pe ìyá náà, torí Japan ni wọ́n ti wá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá dúró níbi fence láti wo iṣẹ́ màmá mi. Tá a bá ní kí wọ́n wọlé, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kì í fẹ́ wọlé. Wọ́n fi English díẹ̀díẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Àgbẹ̀ ni àwọn àti ọkọ wọn tẹ́lẹ̀, oko wọn ò sì jìnnà sí ilé iṣẹ́ kan tó ń fi agbára nuclear pèsè iná mànàmáná. Lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ mì tìtì, òkun ru sókè, ó ya wọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ tó ń fi omi mú inú rẹ̀ tutù dákẹ́, ooru pọ̀ jù, ilé bú gbàmù, májèlé tójú ò lè rí sì fọ́n káàkiri. Ìjọba ní kí gbogbo ìlú jáde. Wọ́n rò pé ọjọ́ méjì ni, bàtà inú ilé ni wọ́n wọ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n fi padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òṣìṣẹ́ ti ha ojú ilẹ̀ oko náà kúrò pẹ̀lú májèlé tó wà nínú rẹ̀.

“Wọ́n kó oko mi sínú àpò,” ni wọ́n wí. Látìgbà náà, wọn ò fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́.

Màmá mi ní kí n bá àwọn sọ fún Màmá Japan pé ẹ kú ìrọ́jú, torí English tàwọn kì í yé wọn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìyẹn ní English. Mo kàn ní sorry.

Nígbà tó yá, tẹ̀tẹ̀ hù, ó ki bí irun orí. Inú màmá mi ń dùn. Màmá Japan wò ó títí, ara wọn ò gbà á mọ́. Wọ́n ṣí gate, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa èyí tó pọ̀ jù tu.

“Sọ fún wọn pé ẹ̀fọ́ mi ni wọ́n ń tu yẹn,” ni màmá mi wí.

Mo sọ ọ́. Màmá Japan ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Ó ti pọ̀ jù,” ni wọ́n dáhùn. “Kò ráyè mí.”

Ọmọ mi àgbà, tó jẹ́ ọlọ́dún méje, ní, “Grandma, she's right.”

Nígbà tí wọ́n dìde, iyẹ̀pẹ̀ ti kún èékánná wọn. Wọ́n wo ọwọ́ náà díẹ̀, wọ́n nù ún mára yẹ̀rì, wọ́n sì béèrè ibi tí omi wà.

Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni àwọn ìyá méjèèjì ń jiyàn nípa omi, kálukú ní èdè tiẹ̀, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Tẹ̀tẹ̀ ga dé orúnkún. A fi ro ẹ̀fọ́. Màmá Japan fi jẹ ìrẹsì, wọ́n ní ata pọ̀, wọ́n tún gba sí i.

Màmá mi ti padà sílé. Ìdajì backyard wa ti di ti Màmá Japan báyìí, àlùbọ́sà eléwé ló kún ibẹ̀. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Àwọn ló mọṣẹ́.