Òdo tí Màámi Ń Gbà

Òórùn ìpara ìfọwọ́ra àti omi oògùn tí wọ́n fi ń nulẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, ní ọsibítù kan ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù bí wọ́n á ṣe tún máa lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni èmi àti Màámi ń wọ kẹ̀kẹ́ láti àdúgbò wa ní Kabala lọ síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni àìsàn náà mú. Kí wọ́n padà sídìí ìsọ̀ wọn, kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn bu ìrẹsì fún oníbàárà, òun nìkan ni àdúrà wọn.

Bí oṣù bá ti parí, ọmọbìnrin Hausa tó ń tọ́jú wọn á mú fọ́ọ̀mù kan jáde, á béèrè bí Mama ṣe ń wẹ̀, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń wọṣọ. Màámi ò tíì lanu tí mo ti máa gba ọ̀rọ̀ sọ: "Èmi ni mò ń ṣe é fún wọn o! Gbogbo ẹ̀ pátá." Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni tó ń retí oríyìn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Òdo ni ọmọbìnrin náà á kọ síbẹ̀. Òdo, òdo, òdo, oṣù mẹ́ta gbáko! Inú bí mi débi pé ìkíni rẹ̀ gan-an ò wù mí dáhùn mọ́. Màámi tó ti ń di ife mú, òdo kẹ̀?

Lóṣù kẹta náà ni ọmọbìnrin náà wá ní bí máàkì ò bá gòkè, wọ́n á fi àyè Màámi fún ẹlòmíì, torí èrò pọ̀ tó ń dúró. Mo fara ya. "Haba! Ṣé o ò rí i pé ọwọ́ yìí ti ń gbéra ni?" Ó rọra fi Hausa dáhùn pé, "Àǹtí, fọ́ọ̀mù yìí ò béèrè ohun tí ẹ̀ ń ṣe fún wọn. Ohun tí Mama ń fọwọ́ ara wọn ṣe ló ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n de bọ́tìnì wọn, ká wò ó." Èmi? Kí n káwọ́ lẹ́rán, kí ìyá tó bí mi máa bá bọ́tìnì jìjàkadì lójú mi? Lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Mo nawọ́ sí bọ́tìnì náà. Màámi gbá ọwọ́ mi dà nù. "Fi mí sílẹ̀ jàre!" Wọ́n pẹ́ lórí bọ́tìnì kan ṣoṣo débi pé wọ́n làágùn. Ihò tí kì í ṣe tiẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ọmọbìnrin náà kọ nǹkan, kì í ṣe òdo.

Nínú kẹ̀kẹ́, mo bú fọ́ọ̀mù yẹn títí. Ìgbà tá a délé ni Màámi tó sọ pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ ṣe é. Ìwọ lo máa ń sáré gbà á lọ́wọ́ mi."

Ọsibítù ò gba àyè Màámi mọ́, Màámi sì padà sí ìsọ̀ nígbẹ̀yìn, àmọ́ àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ò nà tán mọ́. Àwọn èèyàn ṣì máa ń yìn mí pé mo tọ́jú ìyá mi. Ó máa ń ká mi lára. Èmi ni mo fi ìtọ́jú gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ Màámi, mo wá ń bínú sí ẹni tó kọ òdo.